Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè? The West Wing àti Ilẹ̀ Kundu

Ní ilé wa, kò sí eré òṣèlú tí a lè wò parí kí ẹnì kan má béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń fi eléyìí bá wí?" Nígbà tí Saworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání, jáde ní 1999, bàbá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí Lágàtà ṣe kó ìbọn wọ ààfin Jogbo báyìí, bàbá mi dá fídíò dúró, wọ́n ní kí oníkálukú dárúkọ ológun tí Lágàtà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Abacha ni. Màmá mi ní ká má fi mọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, pé àwọn ológun tó ti jẹ gàba lé wa lórí pọ̀ tó láti kún inú ẹ̀wù Lágàtà. Àríyànjiyàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju fíìmù lọ, a sì gbádùn rẹ̀ bí a ṣe gbádùn fíìmù náà gan-an.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú nítorí pé irú ìbéèrè yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo The West Wing, eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó dá lórí Ààrẹ kan tí ń jẹ́ Josiah Bartlet àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú White House. Tẹlifíṣàn NBC ló ṣe àfihàn rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2006. Ìpín méje ni gbogbo rẹ̀. Aaron Sorkin ló dá a sílẹ̀, òun náà ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ ń gbé ní London ló fi páálí àwo DVD rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó ní àwòtúnwò. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìtàn ẹ̀yìn ìtàgé rẹ̀ jọ bí ẹní ń ṣa àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi: ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá ẹ̀dá-ìtàn yìí, èwo ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èwo ni wọ́n hùmọ̀.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfófó lásán. Tí a bá lò ó dáadáa, yóò fi ohun tí eré kan mọ̀ hàn wá, yóò sì fi ohun tí kò mọ̀ hàn wá pẹ̀lú. "Ta ni eléyìí?" jẹ́ ìbéèrè tó dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó jinlẹ̀ jù ú lọ: ta ni àwọn tó ṣe eré náà lọ bi léèrè kí wọ́n tó ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, Sorkin kò fẹ́ kí Ààrẹ pọ̀ nínú eré náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ìtàn fẹ́ tẹ̀ lé; Ààrẹ fúnra rẹ̀ á kàn máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Martin Sheen wọlé ní ìparí apá àkọ́kọ́ tó sì la ẹnu, ó hàn pé kò ṣeé tì sẹ́yìn mọ́. Àlejò di òpó ilé.

Ẹ wo bí Bartlet ṣe ń wọ kóòtù. Kì í wọ̀ ọ́ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wọ̀ ọ́. Ó máa ń jù ú gba orí kọjá, tí apá méjèèjì á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìgbéraga ọkùnrin ńlá ni wọ́n fẹ́ fi hàn. Àṣé irin ni wọ́n fi fa Sheen jáde nígbà tí wọ́n ń bí i, apá òsì rẹ̀ sì fara pa, kò sì ṣeé gbé sókè dáadáa láti ìgbà náà. Ọgbọ́n tó dá fún ara rẹ̀ láti fi wọṣọ ni. Bẹ́ẹ̀ Bartlet inú eré jẹ́ Ààrẹ tó fi àìsàn multiple sclerosis pa mọ́ fún àwọn olùdìbò. Látìgbà tí mo ti mọ ti apá Sheen, ara tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi àléébù pa mọ́ sínú ẹ̀yẹ ni mo ń rí ní gbogbo ìgbà tí kóòtù yẹn bá fò gba orí rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ ọ bí òfófó, ṣùgbọ́n ó là mí lójú sí eré.

Irú èyí pọ̀. C.J. Cregg, agbẹnusọ Ààrẹ tí Allison Janney ṣe, ní Dee Dee Myers lẹ́yìn, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe agbẹnusọ White House, lábẹ́ Bill Clinton. Myers wà lára àwọn tó ń gba àwọn òǹkọ̀wé eré náà nímọ̀ràn. Marlin Fitzwater, tó ṣe agbẹnusọ fún Reagan àti Bush àgbà, wà níbẹ̀. Peggy Noonan, tó kọ ọ̀rọ̀ fún Reagan, wà níbẹ̀. Lawrence O'Donnell, tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, jókòó pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé. Eli Attie, tó ti kọ ọ̀rọ̀ fún Al Gore, di òǹkọ̀wé eré náà. Ẹ kíyè sí i pé inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ni wọ́n ti wá. Sorkin fẹ́ràn ẹgbẹ́ Democrat, eré rẹ̀ kò sì fi bò, síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí àwọn tó bá Reagan ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ bí ilẹ̀kùn ilé yẹn ṣe ń ṣí.

Wọ́n tilẹ̀ walẹ̀ wọ inú ìtàn àtijọ́. Nínú ìpín àkọ́kọ́, Leo McGarry, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, máa ń rọ àwọn èèyàn rẹ̀ láti fi ọjọ́ kan gba àlejò àwọn aráàlú tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ìtàn wàràkàṣì ńlá tí Ààrẹ Andrew Jackson gbé sínú White House kí ará ìlú lè wá bù jẹ ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Wàràkàṣì yẹn wà lóòótọ́. Ọdún 1837 ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 1,400 pọ́n-ùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ìjọba Obama yá ọjọ́ wàràkàṣì náà lò: àwọn òṣìṣẹ́ White House fi odindi ọjọ́ kan dá aráàlú lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn wọ inú eré, eré náà sì tún padà wọ inú ìjọba.

Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti Matt Santos. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí Barack Obama sọ níbi àpérò ẹgbẹ́ Democrat ní oṣù keje ọdún 2004, Attie pe David Axelrod, tó ń bá Obama ṣiṣẹ́, ó bi í léèrè irú èèyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Ìdáhùn tó rí gbà wà lára ohun tó fi mọ Santos, olóṣèlú ọ̀dọ́ aláwọ̀ mìíràn tí kò fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ nìkan máa sọ̀rọ̀ fún un. Jimmy Smits ló ṣe é. Nígbà tó fi máa di 2008, eré ti parí, àwòkọ́ṣe ti di ojúlówó, Obama sì wọlé ìbò.

Ohun kan so gbogbo ìtàn wọ̀nyí pọ̀. Wọ́n béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ bí agbẹnusọ Ààrẹ ṣe ń dáhùn nígbà tí kò fẹ́ dáhùn, wọ́n bi agbẹnusọ Ààrẹ. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó lè di Ààrẹ lọ́la, wọ́n gbé fóònù. Ìdí nìyí tí eré náà fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ibi tó ti kọsẹ̀ fi hàn gbangba sí mi.

Apá kẹrin nínú ìpín kejì ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2000. In This White House ni àkọlé rẹ̀. Ààrẹ Nimbala, olórí orílẹ̀-èdè Equatorial Kundu ní Áfíríkà, wá sí Washington láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn sọ̀rọ̀. Àrùn éèdì ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, oògùn tó lè dá a dúró wà, owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí wọ́n lè san lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Equatorial Kundu. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà mú Equatorial Guinea wá sí mi lọ́kàn. Ìdajì kejì kò mú ibì kankan wá.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yin apá yìí, nítorí pé ìyìn tọ́ sí i. Ní ọdún 2000, oògùn tí ẹnì kan tó ní kòkòrò HIV máa lò fún ọdún kan ń gba dọ́là tó ju 10,000 lọ ní Amẹ́ríkà. Kí tẹlifíṣàn tí gbogbo ayé ń wò gbé ọ̀rọ̀ owó oògùn àti ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kì í ṣe nǹkan kékeré. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Cipla ti ilẹ̀ Íńdíà kéde pé òun lè ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ní dọ́là 350 fún ẹnì kan lọ́dún. Gbogbo ayé wá rí i pé owó gegere yẹn kì í ṣe àṣẹ Ọlọ́run. Eré náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣàlàyé pé oògùn náà ní wákàtí tí a gbọ́dọ̀ máa lò ó, pé kò gbọdọ̀ yẹ̀. Toby Ziegler, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ ń sọ fún aráyé, ní ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn náà kò ní aago ọwọ́, wọn kò mọ bí a ṣe ń ka aago. Toby kì í ṣe ọ̀tá Áfíríkà. Òun ni ẹ̀rí ọkàn eré náà, ìbànújẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ìkà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí, mi ò bá ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ká kọ̀ ọ́ ni. Ẹnu ẹni rere ni wọ́n fi í sí, kí a lè gbà á gbọ́.

Mo dá àwo náà dúró, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Àǹtí mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Àbúrò màmá mi ni wọ́n. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ èyí, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ọdún 2004 ni dókítà sọ fún wọn pé kòkòrò HIV wà lára wọn, ọdún méjì lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ẹyọ kan láàárọ̀ ni, ẹyọ kan lálẹ́, wákàtí méjìlá láàárín. Àǹtí mi kò ní aago ọwọ́ lóòótọ́. Wọ́n ní èlùbọ́ máa ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá ti ń múra ìròyìn aago méje àárọ̀, omi ti wà lọ́wọ́ wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Onígbàgbọ́ ni Àǹtí mi, wọ́n tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí Mùsùlùmí tó ń retí ìrun Mọ́gàríbì bíi tiwọn. Ọmọ wọn àbíkẹ́yìn, tí kò mọ ohun tí oògùn náà wà fún, á máa sáré wọlé láti ìta: "Màámi, wọ́n ti pèrun o!"

Bí ẹ bá bi Àǹtí mi ní ohun tó le nínú oògùn náà, wọn kò ní dárúkọ aago. Wọ́n á sọ fún yín nípa 1,000 náírà tí wọ́n ń san lóṣooṣù nígbà yẹn, kí ó tó di ọ̀fẹ́. Wọ́n á sọ ti owó ọkọ̀, àti ìlà tó gùn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á sọ ti gèlè tí wọ́n máa ń fà wálẹ̀ bojú kí oníbàárà wọn kankan má bàa dá wọn mọ̀ lórí ìlà. Ìtìjú ni òkè tí wọ́n gùn. A sì mọ ìtìjú yẹn ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta ṣáájú àfihàn tí mò ń sọ yìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, dìde ní gbangba ó sọ pé éèdì ló pa àbúrò òun, Fela. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ eré nípa éèdì ní Áfíríkà ní ọdún 2000, ohun tí ì bá fi ṣe é wà nílẹ̀ jaburata: ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ojú ẹbí rẹ̀ hàn kí ará ìlú má bàa kú, ìyàwó tó ń fi gèlè bojú. Aago ọwọ́ ni wọ́n rí mú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ inú eré lásán ni mò ń fà gùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, Andrew Natsios, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ USAID ní ìgbà yẹn, sọ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ ará Áfíríkà kò rí aago rí láyé wọn, pé bí a bá ní kí wọ́n lo oògùn ní aago báyìí, wọn kò ní mọ ohun tí à ń sọ. Ó fi èyí ṣe ara ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n yára fi oògùn náà ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Èmi kò sọ pé orí tẹlifíṣàn ló ti kọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kànga kan náà ni òǹkọ̀wé eré àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti pọn omi. Inú eré ni omi náà ti bà mí nínú jẹ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba, ó lè pa èèyàn.

Ìdáhùn dé níkẹyìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí The West Wing kásẹ̀ nílẹ̀, Edward Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn JAMA. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì wo bí àwọn aláìsàn ṣe ń lo oògùn HIV déédéé. Ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lò ó bó ṣe tọ́. Ní Amẹ́ríkà Àríwá, níbi tí aago ọwọ́ pọ̀ sí, ìdá 55 ni.

Ohun tó gba apá yìí là lójú mi ni òṣèré tó ṣe Nimbala. Zakes Mokae ni, ọmọ Johannesburg, ẹni tí òun àti Athol Fugard, aláwọ̀ funfun, jọ ṣeré bí ọmọ ìyá nínú The Blood Knot ní 1961, nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń mú hanhan ní South Africa. Ní 1982, ó gba ẹ̀bùn Tony ní Amẹ́ríkà. Nínú The West Wing, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn tó ń ṣírò iye tí ẹ̀mí àwọn èèyàn rẹ̀ máa ná wọn, ó sì ń wò wọ́n bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó ń sọ. Ìwé kò kọ ìwò yẹn fún un. Ó gbé e wá láti ilé.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ oògùn lójú ni ìròyìn dé pé àwọn ológun ti gbàjọba ní Kundu. Wọ́n ní kí Nimbala dúró sí Amẹ́ríkà, ó kọ̀. Ó padà sílé, wọ́n sì pa á. Ará Nàìjíríà tó bá ń wo ibí yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sí òun. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, Kampala ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà, níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Ní 1966, ọ̀nà Hanoi ni Kwame Nkrumah wà tí ti Ghana fi ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ì bá ti dá fídíò dúró ní kíá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí eré náà ṣe sin ín. Ẹnu ni wọ́n fi ròyìn ikú Nimbala ní ìparí apá náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìtàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí John Spencer, tó ṣe Leo, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2005, Leo náà kú nínú eré ní ọjọ́ ìdìbò, wọ́n sì fi odindi apá kan ṣe ìsìnkú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wọn ló kú lóòótọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n sunkún. Síbẹ̀, gígùn ẹkún máa ń sọ ẹni tí a kà sí tiwa.

Eré náà fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì sọ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2003, ó padà sí Kundu nínú apá méjì tó dá lórí ìbúra Bartlet fún sáà kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yà kan ló ń pa ẹ̀yà kejì run. Rwanda ọdún 1994 ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láìsí àní-àní, níbi tí wọ́n ti pa nǹkan bí 800,000 èèyàn láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́, tí ìjọba Clinton sì ń sá fún orúkọ tó yẹ kó pe ìpakúpa náà. Bartlet bi Will Bailey, òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kí ló dé tí ẹ̀mí ará Kundu kò fi tó ti ará Amẹ́ríkà lójú òun. Will ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú gbogbo ìpín méje, mi ò rí ìbéèrè tó jẹ́ òótọ́ jù ú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àfihàn yẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní, Ààrẹ George W. Bush ti kéde ètò PEPFAR, dọ́là bílíọ̀nù 15 fún ọdún márùn-ún láti gbógun ti éèdì. Ẹni tí àwọn òǹkọ̀wé eré náà kò fẹ́ràn ṣe ohun tí Ààrẹ inú ìwé wọn kò lè ṣe fún Nimbala.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé Àǹtí mi, mo sì fi apá Nimbala hàn wọ́n. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe ń lọ. Nígbà tí a dé ibi aago ọwọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pa Nimbala, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé,

"Ìlú wo ni wọ́n pè é yẹn?"

"Kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni."

"Wọ́n hùmọ̀ rẹ̀?" Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Ta ni wọ́n wá ń káàánú?"

Mo ti ń ronú lórí ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀bi wà nínú kí èèyàn hùmọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n hùmọ̀ Jogbo náà. Kò sí Jogbo lórí máàpù. Ṣùgbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Túndé Kèlání mọ ẹni tó ń lu ìlù Jogbo, wọ́n mọ ìbúra tí ọba rẹ̀ sá fún, wọ́n mọ igi tí wọ́n ń gé nínú igbó rẹ̀ àti ẹni tó ń gba owó igi náà. Nítorí náà ni a fi lè jókòó sí pálọ̀ wa, kí a máa bá ara wa jiyàn ẹni tí Lágàtà jẹ́. Ní Kundu, mi ò mọ ọjà kan, mi ò mọ oúnjẹ kan, mi ò mọ orúkọ obìnrin kan tó ń lo oògùn. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilé ibẹ̀ ni pé wọn kò ní aago. Orílẹ̀-èdè tí a hùmọ̀ lè jẹ́ òótọ́, bí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé irú ibẹ̀. Bí kò bá béèrè, àánú rẹ̀ á wá ẹni tí yóò bà lé, kò ní rí i.

Mo ṣì ń wo The West Wing, mo sì ń fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi bí a ṣe ń kọ ìjíròrò. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju àwo rẹ̀ nù. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kí a gbé ìbéèrè kejì yẹn dání nígbà tí a bá ń wo eré òṣèlú èyíkéyìí, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Nollywood, pàápàá nígbà tí àwa náà bá ń kọ nípa àwọn aláìní àárín wa. Àwọn tó mọ ìtàn wàràkàṣì Andrew Jackson ì bá ti mọ iye ìgbà tí mọ́ṣáláṣí ń pèrun lóòjọ́, ká ní wọ́n béèrè.

Oògùn Àǹtí mi ti di ẹyọ kan ṣoṣo lóòjọ́ báyìí. Ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n fi ń lò ó. Bí iná bá lọ, wọ́n á na ọwọ́ sí rédíò.